Bí Mo Ṣe Kọ́ Yíya Ẹsẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ohun tí ó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Ìjẹ̀bú-Òde ni pé n kò rí ojú ọ̀run. Lọ́dọ̀ wa lókè, nínú ọ̀dàn, ènìyàn lè dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ kí ó rí òjò tí ń bọ̀ lókèèrè, kí ó ká aṣọ tí ó sá, kí ó tún kó ewúrẹ́ wọlé kí òjò náà tó dé. Níbí, igi ti bo gbogbo rẹ̀. Òjò kàn ń já lé mi lórí ni. Ilẹ̀ tutù, ògiri tutù, aṣọ tí mo sá láàárọ̀ kì í gbẹ dìrọ̀lẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, mo máa ń yọ́ jáde lọ sí ibi tí wọ́n ti gé igbó fún oko tuntun, kí n ṣáà lè gbé orí sókè kí n rí ọ̀run díẹ̀. Ìyá tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ rò pé inú ló ń yọ mí lẹ́nu. Ó po àgbo kíkorò kan fún mi, ó sì jókòó tì mí títí mo fi mu ún tán.

N kò ní sọ bí mo ṣe dé ibẹ̀. Ogun ló lé wa nílé, ẹni tí ogun bá sì ti lé rí kò nílò kí n ròyìn rẹ̀ fún un. Bàbá mi kò bá wa jáde. Ìyá mi àti àbúrò mi obìnrin rí igun ilé kan forí pamọ́ sí ní Ìwó, lọ́dọ̀ ẹnìkan tó bá ìyá mi tan lọ́nà jíjìn. Èmi tẹ̀síwájú sí ìsàlẹ̀, nítorí wọ́n ní iṣẹ́ wà níbẹ̀ fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá le.

Iṣẹ́ wà lóòótọ́. Ìyá Ọdẹ́sànyà, ìyá tó fún mi lágbo yẹn, ló ní ẹkù epo kan lọ́nà Ìmùṣin. Ẹkù ni kòtò tí wọ́n ń da ẹyìn tí a ti sè sí, kí àwọn ènìyàn wọ inú rẹ̀, kí wọ́n máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí epo yóò fi jáde. Láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi yí ni mo ń tẹ ẹyìn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ mi a máa gbọ̀n bí mo bá jáde nínú kòtò náà, àwọn obìnrin tí a jọ ń tẹ̀ ẹ́ a sì máa fi mí rẹ́rìn-ín. Àwọn ti ń ṣe é láti kékeré.

Ẹ̀rín tí wọ́n ń rín ẹsẹ̀ mi kò dùn mí tó èyí tí wọ́n ń rín ẹnu mi. Mo ti rò pé èdè kan náà la jọ ń sọ. Àṣé ilé ni wọ́n ń pè ní ulé, iṣẹ́ ni wọ́n ń pè ní uṣẹ́, ohùn wọn sì ń yí síbi tí n kò retí. Bí mo bá béèrè omi, ẹnìkan a ní, "Ará òkè, tún un wí." Bí mo bá tún un wí, gbogbo ẹkù a bú sẹ́rìn-ín. Wọn kò fi ibi ṣe é, mo mọ̀ báyìí. Nígbà náà n kò mọ̀. Mo pa ẹnu dé. Mo lè lo odindi ọjọ́ kan láìsọ ju "ẹ kú iṣẹ́" àti "ẹ ṣé" lọ. Bí mo bá wá dé orí ẹní mi, mo máa ń bá ara mi sọ̀rọ̀ bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé, kí ẹnu mi má baà gbàgbé.

Ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo fi ń gbúròó ilé ni Ìyá Oníyọ̀. Obìnrin yìí ń ra iyọ̀ tó ti etí òkun wá, ó ń gbé e lọ sí òkè, ó sì máa ń gba Ìwó kọjá. Kì í gbàgbé ọ̀rọ̀. Bí o bá rán an níṣẹ́, bí o ṣe sọ ọ́ gan-an ni yóò ṣe jẹ́ ẹ, títí kan ibi tí o ti dákẹ́ àti ibi tí o ti mí kanlẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ iṣẹ́ ìyá mi fún mi lẹ́bàá ẹkù, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìbàdí mú, ó gbé àgbọ̀n sókè, mo sì rí ìyá mi. Omi ti bọ́ lójú mi kí ó tó la ẹnu.

"Ọmọ mi," ni Ìyá Oníyọ̀ wí ní ohùn ìyá mi, "a wà láàyè. Àmọ́ ilé onílé ti sú mi. Àbúrò rẹ ló ń pọn omi gbogbo agboolé kí wọ́n tó bu oúnjẹ fún wa. Ibi tí o wà yẹn, ṣé ó gbà wá? Má parọ́ fún mi. Bí kò bá gbà wá, sọ ọ́ kí n mọ̀."

Mo ní kí ó bá mi kí i.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Ọdẹ́sànyà. Ó ń bẹ èèpo èwùrà tí yóò fi ṣe ìkọ́kọrẹ́, oúnjẹ wọn tí mo kọ́kọ́ kọ̀ tí mo sì wá ń wá kiri báyìí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá," ni mo wí, "mo fẹ́ mú ìyá mi àti àbúrò mi wá síbí. Ẹ fún mi ní ilẹ̀ díẹ̀ tí mo lè kọ́ ilé kékeré sí."

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ilẹ̀ wà lẹ́yìn ulé yìí. Ìyẹn kọ́ ni ìṣòro. Àwọn àgbà ẹbí á béèrè ẹni tó mọ̀ ọ́. Èmi mọ̀ ọ́, àmọ́ ẹnu tèmi nìkan ò tó. Régbérégbé wo ni o wà?"

N kò mọ ohun tí ó ń wí. Òun ló là á yé mi pé ní Ìjẹ̀bú, àwọn tí wọ́n bí láàárín ìgbà kan náà ni wọ́n ń kó jọ sínú ẹgbẹ́ kan, láti ìgbà èwe títí di ọjọ́ ikú. Ẹgbẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní régbérégbé. Òun ni yóò bá ọ gbé òpó ilé nàró, òun ni yóò bá ọ sìnkú, òun náà ni yóò sọ pé àwọn mọ̀ ọ́ bí wọ́n bá ń béèrè. Ẹni tí kò bá ní ẹgbẹ́ kò lẹ́ni tí yóò gbẹnu sọ fún un.

"Ọmọ mi lè bá wọn sọ̀rọ̀," ló wí, ó sì padà sídìí èwùrà rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ ni Ọdẹ́sànyà, ọkùnrin gíga kan tí kì í yé dẹ́rìn-ín pa ènìyàn. Ẹgbẹ́ tiwọn fẹ́ jáde níwájú àwọn àgbà ìlú ní ìgbà ọ̀yẹ́ tó ń bọ̀, wọ́n sì ti ń kọ́ ijó tí wọn yóò jó. Níparí ijó náà, àwọn mẹ́ta á bọ́ síwájú, wọ́n á ya ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, títí ìdí wọn yóò fi kanlẹ̀. Sòbìyà ti mú ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà, kò lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ́. Àwọn yòókù nínú ẹgbẹ́ ti gbìyànjú títí, itan wọn kò gbà fún wọn.

"Bí o bá lè dí ààyè yẹn," ni Ọdẹ́sànyà wí, "wọ́n á gbà ọ́ wọlé. Mo ti bá wọn sọ ọ́. Ṣé o lè ya ẹsẹ̀, ará òkè?"

"N óò yà á," ni mo wí. N kò yà á rí láyé mi.

Ẹ̀gbọ́n Kúyọ̀rọ̀ ló ń kọ́ wọn. Ó wà nínú ẹgbẹ́ tó ṣáájú tiwọn, òun náà sì ti ya ẹsẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde. Ọkùnrin kúkúrú ni, orógbó kì í sì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀yìn ẹkù la ti ń pàdé, níbi tí wọ́n ń da ihá ẹyìn sí lẹ́yìn tí epo bá ti jáde tán, tí ilẹ̀ ibẹ̀ fi rọ̀. Ọ̀nà tirẹ̀ ni pé kí gbogbo ẹgbẹ́ kọ́kọ́ kọrin yíká, kí wọ́n máa fẹsẹ̀ janlẹ̀, kí wọ́n máa jó títí òógùn yóò fi bò wọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, àwa mẹ́ta tí a ń kọ́ yíya ẹsẹ̀, èmi, Ọdẹ́sànyà àti ẹnìkan mìíràn, á gbé àpótí ìjókòó sábẹ́ ara wa, a ó máa ya ẹsẹ̀ títí ìdí yóò fi bà lé e. Bí àpótí bá ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó di ẹní tí a ká. Bí ẹní náà bá rọrùn, o ó máa tú u díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ku ilẹ̀ lásán. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni fo àpótí lọ sílẹ̀.

Èmi sá fún orin yẹn. Mo ní ìdí kan tí mo ń sọ fún wọn: lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ti ibi iṣẹ́ bọ̀ kì í bọ́ sáàárín ẹgbẹ́ láìwẹ̀, epo sì bò mí láti orúnkún dé àtẹ́lẹsẹ̀. Nítorí náà, bí mo bá ti jáde nínú ẹkù, odò ni mò ń lọ. Òótọ́ ni pé a máa ń wẹ̀. Àmọ́ ohun tó ń gbé mi lọ gan-an ni pé n kò fẹ́ la ẹnu kọ orin Ìjẹ̀bú kí wọ́n tún ní kí n tún un wí. Mo máa ń pẹ́ nínú omi, n óò máa fetí sí wọn, ìgbà tí orin bá dákẹ́ ni n óò tó gòkè, pẹ̀lú omi lára.

"Ará òkè," ni Ẹ̀gbọ́n Kúyọ̀rọ̀ wí fún mi, "orin ti tán kí o tó dé."

"Láti àárọ̀ ni mo ti ń tẹ ẹyìn, ẹ̀gbọ́n. Ara mi ti gbóná."

"Ó ti gbóná. O sì ti lọ bu omi pa á." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì lẹ́yìn tí mo kọ́kọ́ jókòó lé àpótí, mo fi ọwọ́ gbá ògiri mú kí n tó lè dìde. Bí mo bá fẹ́ lóṣòó yàgbẹ́, igi ni mò ń dì mọ́, mo sì ń bẹ igi náà kí ó má fi mí sílẹ̀. Mo rò pé mo ti ba ara mi jẹ́ nìyẹn, pé ọ̀rọ̀ ilé ìyá mi ti parí kó tó bẹ̀rẹ̀. Mo rìn gbẹ̀rẹ̀ lọ bá Ẹ̀gbọ́n Kúyọ̀rọ̀.

"Níbo gan-an ló ti ń dùn ọ́?" ló bi mí.

"Gbogbo itan ni, níwájú, lẹ́yìn, nínú."

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Nígbà tí o wà lórí àpótí ni?"

"Rárá, àárọ̀ yìí ni."

Ó jẹ orógbó rẹ̀ díẹ̀. "Kò sí nǹkan tó ṣe ọ́. Ìrora tó bá tàn ká gbogbo ẹran itan, tó sì jẹ́ pé ọjọ́ kejì ló dé, ara ló ń kọ́ ohun tí kò ṣe rí. Má dùbúlẹ̀ nítorí rẹ̀. Máa rìn, máa tẹ ẹyìn rẹ jẹ́jẹ́, fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀. Má ya ẹsẹ̀ lónìí, má yà á lọ́la. Ìgbà tó bá ti lọ ni kí o padà wá. Èyí tí mo fẹ́ kí o bẹ̀rù ni èyí tó bá gún ọ lójú kan ṣoṣo, bí ẹ̀gún, nígbà tí o ń yà á lọ́wọ́. Bí ìyẹn bá dé, dìde. Má bá a ṣagídí."

Mo ṣe bí ó ti wí fún ìgbà díẹ̀, ó sì ń yẹ mí. Ìrora náà ń dé, ó ń lọ, ìgbàkígbà tó bá sì lọ, mo máa ń rí i pé mo ti rẹlẹ̀ sí i díẹ̀. Àpótí di ohun tí mo lè jókòó lé kí n máa yọ ìdin ọ̀pẹ jẹ lórí rẹ̀. Ọjọ́ tí mo kúrò lórí àpótí bọ́ sí orí ẹní, Ọdẹ́sànyà gbá mi lẹ́yìn, ó ní ará òkè ti ń sọ̀ kalẹ̀ wá bá àwọn. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a lóhùn.

Ìyá Oníyọ̀ padà dé kí òjò tó dáwọ́ dúró. Lọ́tẹ̀ yìí, kò di ìbàdí mú. Ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, ohùn tó sì mú jáde kéré.

"Ọmọ mi, o kò dá mi lóhùn. Baálé ilé yìí fẹ́ fi àbúrò rẹ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó dàgbà ju bàbá rẹ lọ. Mo ti ní kí ó di ìgbà ọ̀yẹ́ kí n tó fèsì. N kò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ilé onílé. Dá mi lóhùn."

Ìyá Oníyọ̀ tú ọwọ́ rẹ̀ ká, ó di ara rẹ̀ padà. "Kí ni kí n sọ fún un?"

"Ẹ ní kí ó má ṣe gbà fún wọn. Ẹ ní bí ọ̀yẹ́ bá ti dé, mò ń bọ̀ wá mú wọn."

Mo ti sọ ọ́ kí n tó mọ̀ pé mo sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, n kò fún itan mi nísinmi mọ́. Mò ń ya ẹsẹ̀ láàárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mò ń yà á nírọ̀lẹ́ bí mo bá ti odò dé. Ìrora ti àná kì í tíì lọ kí n tó fi ti òní lé e. Mo rò pé bí mo bá ṣáà ti le tó, ara á tẹ̀ lé mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, òjò ti mú ilẹ̀ tutù, mo gòkè láti odò, eyín mi ń gbá ara wọn. Orin ṣẹ̀ṣẹ̀ tán ni. Ẹ̀gbọ́n Kúyọ̀rọ̀ ti yà sẹ́yìn igi. Mo ta ẹní mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo bọ́ sórí ilẹ̀ lásán, mo sì pe Ọdẹ́sànyà àti ẹnìkejì rẹ̀.

"Ẹ bá mi tẹ èjìká mi mọ́lẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n ò tíì dé," ni Ọdẹ́sànyà wí.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ ọ kí n tó mọ̀ ọ́n lára: nǹkan kan ta lábẹ́ ìdí mi, níbi tí ẹ̀yìn itan ọ̀tún ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó gún mi, lójú kan ṣoṣo, mo sì ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Gbogbo ẹgbẹ́ dé bá mi pẹ̀lú ìfẹ́, ìfẹ́ yẹn ni ì bá sì ba ẹsẹ̀ mi jẹ́ pátápátá. Ẹnìkan ti ń sáré lọ gbé àdín gbígbóná wá, òmíràn ti di kókósẹ̀ mi mú, ó ní kí òun fà á kí ó lè padà sáàyè.

"Ẹ fi í sílẹ̀." Ẹ̀gbọ́n Kúyọ̀rọ̀ ti dé. "Ẹran tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já, ẹ fẹ́ ki iná bọ̀ ọ́, ẹ tún fẹ́ fà á?" Ó ní kí wọ́n ki aṣọ bọ omi odò, kí wọ́n fún un, kí wọ́n fi lé ibẹ̀, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ mi lé ẹní tí wọ́n ká. Ó fi ọ̀já dì í, kò dì í pinpin. Ó wá wo ojú mi. "Ohun tí omi tútù wúlò fún rè é. Kì í ṣe èyí tí ò ń lò ó fún."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ààyè mi ti lọ?"

"Bí o bá sinmi, ó ṣì kù díẹ̀ kí ọ̀yẹ́ dé. Bí o bá tún ya ẹsẹ̀ kí o tó lè lóṣòó láìdi igi mú, n óò fi ẹlòmíràn sí i, ìbáà jẹ́ pé orúnkún ló máa fi kanlẹ̀."

Ìsinmi yẹn le ju ẹkù lọ. Mo dùbúlẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé Ìyá Ọdẹ́sànyà, mò ń ro ti ìyá mi tó ń fi ìgbà ọ̀yẹ́ dá àwọn ènìyàn dúró nítorí ọ̀rọ̀ tí mo rán sí i. Ojú tì mí, inú sì bí mi sí ara mi. Lójoojúmọ́ nírọ̀lẹ́, orin wọn á ti ẹ̀yìn ẹkù wá bá mi. Níbi tí mo wà yìí, kò sí odò tí mo lè sá lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu tẹ̀ lé e, jẹ́jẹ́, lórí ẹní. Ìyá Ọdẹ́sànyà gbọ́ mi láti ìdí ààrò.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́ níbẹ̀ yẹn," ló wí. Ó kọ ọ́ fún mi. Mo gbà á, mo tún bà á jẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a jọ rẹ́rìn-ín ẹnu mi pọ̀, kò sì pa mí lára. Láti ìgbà náà, bí ó bá ti ń dáná, á ní kí n kọ ọ́, bí mo bá ṣì í, á fi ìpọnbẹ̀ gbá agbada lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, n óò sì tún un bẹ̀rẹ̀.

Mo ti ń rò ó láti ìgbà yẹn. Àwọn ènìyàn máa ń bi mí bóyá mo ti di ará Ìjẹ̀bú. N kò mọ èsì tó yẹ kí n fún wọn. Ọ̀run ṣì máa ń wù mí wò. Bí mo bá lá àlá, ọ̀dàn ni mo máa ń rí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo ti fi àárín àwọn ènìyàn sílẹ̀ tipẹ́, mo sì ń pè é ní ìwẹ̀. Mo rò pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ mi, bẹ́ẹ̀ orin yẹn wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹnu lè wọ inú rẹ̀.

Nígbà tí mo lè lóṣòó láìdi igi mú, mo padà sẹ́yìn ẹkù. N kò lọ sódò. Mo dé bí mo ṣe jáde nínú ẹyìn, epo lẹ́sẹ̀, mo sì dúró sáàárín wọn. Mo kọrin. Mo ṣì í lẹ́ẹ̀kan, Ọdẹ́sànyà ní, "Ará òkè, tún un wí," mo tún un wí, a sì ń bá ijó lọ. Òógùn dé. Itan mi rọ̀ bí kò ṣe rọ̀ rí.

Ẹ̀gbọ́n Kúyọ̀rọ̀ dá mi padà sórí àpótí. Kò bi mí bóyá mo fẹ́. Ó ní kí n kọjú ìbàdí méjèèjì síwájú, kí n má jẹ́ kí ọ̀kan yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí orúnkún iwájú máa wo òkè, kí ti ẹ̀yìn máa wo ilẹ̀. Ó ní kí n fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀ kí ẹrù ara má baà wà lórí itan nìkan. Kí n mí síta bí mo bá ń lọ sílẹ̀, kí n dúró níbi tí ó bá ti fà, kí n má máa ta ìdí sókè sódò. Kí n ya ọ̀tún, kí n ya òsì. Bí mo bá fẹ́ dìde, kí n fi ọwọ́ gbé ara mi, kí n má fi ẹsẹ̀ fà á. Ìrora ọjọ́ kejì padà dé, mo sì kí i káàbọ̀. Ìwọ̀n díẹ̀ ni ó kù kí n kanlẹ̀ nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, tí ọ̀yẹ́ sì dé.

Òwúrọ̀ ni ẹgbẹ́ jáde. Àwọn ènìyàn wá láti Ayépé, láti Ìmùṣin, títí dé Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. A ti kọrin, a ti jó lẹ́yìn ilé, ara wa ti gbóná. Àmọ́ àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sì tán. Ọ̀kan jókòó, òmíràn dìde. Atẹ́gùn ọ̀yẹ́ ń fẹ́ sí wa lára. Mo rí òógùn tó gbẹ lọ́rùn Ọdẹ́sànyà. Mo fọwọ́ kan itan ọ̀tún mi, ó ti le padà. Mo mọ ohun tó ń bọ̀ bí a bá bọ́ síwájú báyìí. Mo sì mọ̀ pé bí n kò bá bọ́ síwájú, kò sí ẹni tí yóò sọ pé òun mọ̀ mí.

Mo la ẹnu, mo bẹ̀rẹ̀ orin náà. Èmi nìkan, ní ohùn ará òkè, níwájú gbogbo ìlú. Àgbà tó ń sọ̀rọ̀ dákẹ́, ó wò mí. Ọdẹ́sànyà gbè é lẹ́yìn mi. Gbogbo ẹgbẹ́ gbè é. A fẹsẹ̀ janlẹ̀, a yíká, a yíká, eruku dìde, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, òógùn padà. Ìgbà tí mo rí i lójú Ẹ̀gbọ́n Kúyọ̀rọ̀ pé ó tó ni àwa mẹ́ta bọ́ síwájú.

Èmi ni mo wà láàárín. A ya ẹsẹ̀. Mo ń mí síta, mo ń lọ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, kò sí ohun tó dùn mí. Ilẹ̀ ti súnmọ́. Ó ku bí ìnípọn àtẹ́lẹwọ́ kí n kanlẹ̀ nígbà tí ó gún mi, níbi kan náà, bí ẹ̀gún. Ìyá mi wà lójú mi. Gbogbo ara mi fẹ́ kí n já ara mi sílẹ̀ kí ó parí. N kò já a sílẹ̀. Mo fi ọwọ́ ti ilẹ̀, mo dúró níbẹ̀, ìdí mi wà lókè, mo ń retí kí àwọn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kanlẹ̀ kí gbogbo ayé rí i pé èmi kò kàn án.

Wọn kò kanlẹ̀. Ọdẹ́sànyà, tó ti ń kanlẹ̀ láti ìgbà òjò, wo ọwọ́ mi, ó fi ọwọ́ tirẹ̀ náà ti ilẹ̀, ó sì dúró níbi tí mo dúró. Ẹnìkejì ṣe bẹ́ẹ̀. Àwa mẹ́ta wà níbẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ la ṣe kọ́ ọ. Àtẹ́wọ́ bo gbogbo ibẹ̀. A fi ọwọ́ gbé ara wa dìde lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ta ló ní kí ẹ dúró níbẹ̀?" ni Ẹ̀gbọ́n Kúyọ̀rọ̀ bi wá nígbà tí a padà sẹ́yìn.

"Ibẹ̀ ni ilẹ̀ wà lónìí, ẹ̀gbọ́n," ni Ọdẹ́sànyà wí.

Ẹ̀gbọ́n Kúyọ̀rọ̀ wo òun, ó wo èmi. Ó fa orógbó kan yọ, ó fi fún mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn àgbà ẹbí béèrè pé ta ló mọ àlejò yìí. Gbogbo ẹgbẹ́ ló dìde.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo jí, itan mi méjèèjì ń ro mí, gbogbo rẹ̀ ni, kò sí ojú kan tó ń gún. Mo jáde sẹ́yìn ilé. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú àdá, gbogbo wọn ń rìn gbẹ̀rẹ̀ gbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń kùn, wọ́n ń di igi mú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ gé nǹkan. Wọ́n ti ṣán igbó ibẹ̀ dé ìdajì. Ọdẹ́sànyà mú òpó kan dání, ó ń wá ibi tí yóò rì í sí.

"Ará òkè," ló wí, "níbo ni ìyá wa máa fẹ́ kí ẹnu ọ̀nà kọjú sí?"

Mo nawọ́ sí ọ̀nà òkè, níbi tí òun àti àbúrò mi yóò gbà dé.